Bí Bàálù Ẹ̀kọ́ Méjì Ò Ṣe Ní Kọlu Ara Wọn Lójú Ọ̀run

Bàálù tó ń sáré kọjá lójú gíláàsì yín kọ́ ló yẹ kó já yín láyà. Èyí tó dúró sójú kan, tí kò yà sọ́tùn-ún, tí kò yà sósì, àmọ́ tó ń tóbi díẹ̀díẹ̀, òun ló ń bọ̀ wá bá yín. Kòkòrò kan tó kú mọ́ gíláàsì tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ nu gíláàsì kí ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá ti wà lókè, ẹ máa gbé orí síwá sẹ́yìn, torí òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì lè gbé odidi bàálù pamọ́.

Bí méjì bá dojú kọra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá knot 100 (nǹkan bíi kìlómítà 185 ní wákàtí kan), wọ́n ń fi nǹkan bíi mítà 103 sún mọ́ra ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ tó gbé e, kí bàálù tó yà, FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà bàálù ní Amẹ́ríkà, ní ó ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12.5. Tí ẹ ò bá tíì rí i nígbà tó ku kìlómítà 1.3, ó ti pẹ́ jù.

Ojú tó ń sáré kiri kì í rí nǹkan. Ẹ pín ojú ọ̀run sí abala dígírì 10, kí ojú dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó kéré tán. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo òkè Rẹ́mọ, ojú kì í rí nǹkan dì mú, yóò wá máa wo ìtòsí láìmọ̀. Ẹ wá òrùlé tàbí igi tó jìnnà jù lọ, ẹ tẹjú mọ́ ọn, kí ẹ tó padà sókè.

Ìyẹ́ Cessna 172, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni, wà lókè. Bí ẹ bá ti ń yí, ìyẹ́ yìí gan-an ló máa bo apá ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀, ẹ wò, kí ẹ tó yí. Ti bàálù tí ìyẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ ló ń bò. Ìdí nìyí tí ọ̀kan fi lè sọ̀ kalẹ̀ lé èkejì lórí bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá balẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ẹnikẹ́ni. Ìtòsí pápá bàálù, lójú ọ̀sán gangan, ni irú rẹ̀ ti wọ́pọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kankan lókè, ẹ yí dígírì 90 sósì, ẹ yí 90 sọ́tùn-ún, kí ẹ wo gbogbo àyíká.

Gbogbo ẹni tó ń fò ní Rẹ́mọ níbí ló ń fi Interchange Ṣágámù àti títì Èkó sí Ìbàdàn ṣe àmì, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n ń pàdé. Ẹ má pòòyì lórí rẹ̀. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún títì bíi mọ́tò. Ẹ ó ṣì máa rí i láti ìjókòó òsì. Lórí rédíò, ẹ sọ ibi tí ẹ wà, gíga yín, àti ibi tí ẹ ń lọ. “Mo wà ní Ṣágámù” nìkan ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí ẹ bá dojú kọra, kí ẹ̀yin méjèèjì yà sọ́tùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó lè má tíì rí yín.

Èyí tó burú jù nínú bàálù ẹ̀kọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọ̀gá ń wòta, ọ̀gá rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn méjèèjì sì doríkodò sórí aago ẹ́ńjìnnì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí nǹkan kò gbọdọ̀ torí ọ̀wọ̀ dákẹ́: “Ọ̀gá, bàálù, aago méjì, ó wà nísàlẹ̀ wa!” (Tí a bá fi imú bàálù ṣe aago méjìlá, aago méjì ni apá iwájú lọ́tùn-ún.) Kí ọ̀gá dáhùn “Mo ti rí i” tàbí “Mi ò rí i.” “Ó dáa” kì í ṣe èsì.