Ọjọ́ Kọ̀ọ̀kan Ni Kẹ́ Ẹ Bi Léèrè: Bí Mo Ṣe Ń Yẹ Fáìlì Aláìsàn Wò

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ní wọ́ọ̀dù kí n tó bọ́ sídìí fáìlì yíyẹ̀wò, ìyẹn wíwo inú fáìlì láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí aláìsàn wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó lò níbẹ̀. Ẹ má ti orí orúkọ àìsàn bẹ̀rẹ̀. Òtútù àyà kan náà lè gbé ẹnì kan sórí ọ́síjìn, kí ẹlòmíràn sì gba oògùn oníhóró lọ sílé. Inú ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ ibà, mímí àti ìfúnpá sí ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí tí wọ́n fi gbà á wọlé. Ohun tí dókítà mọ̀ ní wákàtí náà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Àyẹ̀wò tó jáde lọ́jọ́ kejì kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi. Láti 2013, ohun tí Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, ń béèrè ni pé ṣé ìdí wà tí dókítà fi retí kí ìtọ́jú náà kọjá ọ̀gànjọ́ òru méjì. Ìdí yẹn gbọ́dọ̀ hàn nínú fáìlì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí ìlànà tí àwọn olùwádìí méjì, Gertman àti Restuccia, gbé jáde ní 1981 ti là á sílẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe fún un lónìí tí kò ṣeé ṣe níbòmíràn? Fáìlì kan ò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kẹta, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti dé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún láìfi nǹkan kan símú, ibà ti lọ, ó ń jẹun, wọ́n ti yọ omi tí wọ́n fà sí i lára. Lọ́jọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Ó ń retí àyẹ̀wò." Òpin ọ̀sẹ̀ ni, ẹni tó ń ya àwòrán kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ méjèèjì kò yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi aláìsàn. Ìdádúró ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú ohun tó fà á gan-an, kí àwọn alákòóso lè rí ibi tó ti ń jò.

Bí ọjọ́ kan bá ṣófo, ẹ pe dókítà ná. Mo ti pe ọ̀kan rí, ó ní gbogbo ìgbà tí ìyá náà bá dìde ni òòyì ń kọ́ ọ, tó sì ń ṣubú. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́, kó sì fi ọjọ́ àti aago tó kọ ọ́ sí i.

Bí kò bá sí ìdí kankan síbẹ̀, dókítà mìíràn ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́ ni láti sọ pé rárá. Ẹ sì jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ kí ìwé owó tó dé ọwọ́ rẹ̀.