Bí Mo Ṣe Wá Ìdí Ìbọn Tí Ọkọ̀ Mi Ń Yìn

Kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń dàpọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọkọ̀ mi ti pẹ́ láyé: ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, kabúrétọ̀ kan lórí rẹ̀, disitiribútọ̀ oníkọ́ńtáàtì, èyí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ tí èèyàn máa bi léèrè pé kí ló ń ṣe é. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, ìyẹn ni pé ó ń dún pọ́ bí ìbọn, tí iná ń yọ lẹ́nu kabúrétọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ tí kò ní kí n tú u, kí n fọ̀ ọ́, kí n yí sukúrúù rẹ̀. Mi ò tú u. Lára irú àwọn ọkọ̀ báyìí, iná púlọ́ọ̀gì ló sábà máa ń dá ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dì ru kabúrétọ̀. Ẹni tó bá sì ti yí sukúrúù kó tó yẹ iná wò, ó ti fi wàhálà kejì kún ti àkọ́kọ́.

Mo kọ́kọ́ fetí sí i dáadáa. Ìbọn tó ń dún níwájú yàtọ̀ sí èyí tó ń dún lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ti iwájú, lókè lẹ́nu kabúrétọ̀, á jẹ́ pé epo àti atẹ́gùn gbiná nígbà tí fáàfù tí wọ́n ń gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iná tàn lásìkò tí kò yẹ. Ó sì lè jẹ́ pé epo kéré jù sí atẹ́gùn: irú àdàlù bẹ́ẹ̀ kì í tètè jó tán, ó ṣì ń jó lọ́wọ́ tí fáàfù á fi tún ṣí. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, ní sàlẹ́ńsà, ni, epo tí kò jó tán nínú sílíńdà ló lọ bá atẹ́gùn nínú páìpù tó gbóná.

Mo ní kí àbúrò mi jókòó sídìí ọkọ̀, kí ó fa bíréèkì ọwọ́, kí ó wà ní fíríì. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò gbé ojú sórí kabúrétọ̀ rárá, torí iná tó ń yọ níbẹ̀ kì í ṣe iná àfiṣeré. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Tó bá wà ní sílóò, tí a ò tẹ tọ́tù, ó ń dún geere. Tó bá rọra tẹ tọ́tù, kò sí nǹkan kan. Àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ lójijì: pọ́! Láti òkè. Nígbà tí mo sì wà á jáde, tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbọ́ pàpàpà lẹ́yìn. Ìbọn méjì nìyẹn. Mo pinnu pé mi ò ní da ọ̀ràn wọn pọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù. Mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì. Tí epo bá kéré jù, ẹnu wọn á funfun. Tó bá pọ̀ jù, á dúdú, á ní èédú gbígbẹ lára. Àwọn tèmi pọ́n ráúráú, bó ṣe yẹ. Èyí nìkan ti mú kí n fura pé kì í ṣe epo ló fa ti òkè. Mo tún tẹ̀lé wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dé orí disitiribútọ̀: 1-3-4-2, bí iná ṣe ń kan sílíńdà tẹ̀léra, bó ṣe wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá fi wáyà méjì sípò ara wọn, ọkọ̀ ò ní dún geere ní sílóò láé.

Táímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí iná ń tàn nínú sílíńdà, ló kàn. Mo yọ rọ́bà fákúùmù, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa atẹ́gùn, kúrò lára disitiribútọ̀, mo dí ẹnu rẹ̀, mo tan iná táímíǹgì, tó ń ṣẹ́jú bí púlọ́ọ̀gì ṣe ń tanná, sí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì. Àmì rẹ̀ dúró síbi tó yẹ. Bí àbúrò mi ṣe ń gbé iyàrá sókè ni àmì náà ń rìn lọ síwájú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyẹn ni pé àwọn irin ìwọ̀n inú disitiribútọ̀, tó ń mú kí iná tètè tàn bí iyàrá ṣe ń pọ̀, ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí ìdérí disitiribútọ̀, mo fi ẹnu fa atẹ́gùn inú rọ́bà tó wọ disitiribútọ̀: àwo inú rẹ̀ yí díẹ̀, mo fi ahọ́n dí i, kò padà. Kò jò. Àlàfo kọ́ńtáàtì náà, irin méjì tó ń so iná tó sì ń gé e nínú disitiribútọ̀, wà ní ìwọ̀n 0.4 mm, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe wí.

Ẹ̀yin tó bá ní irú ìṣòro yìí, ẹ má gbàgbé pọ́ǹpù kékeré inú kabúrétọ̀, èyí tó ń ta epo nígbà tí a bá tẹ tọ́tù lójijì. Tó bá rẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á ya wọlé, epo ò ní bá a dọ́gba, kabúrétọ̀ á sì yìnbọn bí tèmi gan-an. Torí náà ni mo ṣe yọ fílítà atẹ́gùn, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀fun rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ fa tọ́tù lẹ́ẹ̀kan. Epo tú jáde lójú ẹsẹ̀, ó le, kò gé. Kabúrétọ̀ ò jẹ̀bi. Mo fọ́n omi díẹ̀ yí ìdí rẹ̀ àti àwọn rọ́bà fákúùmù ká nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mo fetí sílẹ̀ bóyá ohùn rẹ̀ á yí padà, kò yí. Géèjì fákúùmù kà bí íǹṣì mẹ́kúrì 18, bó ṣe yẹ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Bí fáàfù bá ń há, abẹ́rẹ́ yẹn ì bá máa fò.

Mo wá padà sí ìdérí disitiribútọ̀. Mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí inú rẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo nu ún mọ́, mo gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ẹ̀gbẹ́ wá. Níbẹ̀ ni mo ti rí i: ìlà dúdú kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó rìn lára ike láti ìdí irin sílíńdà kìíní dé ìdí irin sílíńdà kẹta. Mo fi èékánná ha á, kò kúrò. Iná ló ti jó ike yẹn di èédú, èédú sì máa ń jẹ́ kí iná kọjá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Nígbà tó bá kan sílíńdà kìíní, písítìnì rẹ̀ wà lókè, ó ti fún atẹ́gùn pọ̀. Lákòókò kan náà, písítìnì kẹta wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa epo àti atẹ́gùn wọlé tán, fáàfù rẹ̀ ò sì tíì pa dé. Bí iná bá gba ojú ìlà dúdú yẹn bọ́ sí ẹ̀kẹta, ohun tó wà níbẹ̀ á gbiná, ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un sì ni ọ̀nà kabúrétọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí a bá tẹ tọ́tù lójijì nìkan ni? Ìgbà yẹn ni sílíńdà kún jù, ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ ga, ó sì máa ń ṣòro fún iná láti fo àlàfo púlọ́ọ̀gì. Iná kì í bá ọ̀nà líle jà nígbà tí ti ìrọ̀rùn bá wà nítòsí. Ní sílóò, púlọ́ọ̀gì ṣì ń gbà á, a ò sì gbọ́ nǹkan kan.

Mi ò kàn ra ìdérí tuntun kí n sì lọ sùn. Ìlà yẹn ò dédé hù. Mo fi mítà wọn wáyà púlọ́ọ̀gì: mẹ́ta kà dáadáa, ti kìíní ò kà rárá, ó ti já nínú. Iná ń fo ojú ibi tó já náà, tó bá sì ti ṣòro fún un jù, ó yà sára ìdérí. Ìdérí tuntun lórí wáyà yẹn á tún gba ìlà tirẹ̀. Mo pààrọ̀ ìdérí, rótọ̀ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, àti wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ẹnìkan ní kí n ha ìlà náà dànù kí n máa lò ó lọ. Ẹ má ṣe é, kò ní pẹ́ tí á tún jó padà. Àbúrò mi tẹ tọ́tù lójijì. Kò dún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tún tẹ̀ ẹ́?" Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi sú u.

Ti ẹ̀yìn ò gbà mí lásìkò. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo tan ọkọ̀, mo sì fi akísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Ó ń fẹ́ fùù níbi tí páìpù ti so mọ́ mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, èédú dúdú sì ti ta sára nọ́ọ̀tì ibẹ̀. Bí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, atẹ́gùn ń gba ojú ibẹ̀ wọlé, ó sì ń bá epo tí kò jó pàdé. Mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo dè é le. Ìgbà yìí ni mo tó fọwọ́ kan sukúrúù kabúrétọ̀, mo yí i díẹ̀díẹ̀ títí sílóò fi dúró níbi tó dùn jù, mo sì fi í sílẹ̀.

Tí mo bá fa ṣọ́ọ̀kì jáde ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí mo sì gbẹ́sẹ̀ lójijì, ó ṣì máa ń dún lẹ́yìn díẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló ń fi epo kún un, bí mo bá tì í padà, ó ti tán.