Bí Mo Ṣe Ń Fi Kọ́ńgò Ẹ̀wà Kan àti Ìkòkò Ata Kan Bọ́ Ilé Ẹni Mẹ́fà

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń ṣètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí Sátidé ni mo ń ná ọjà. Kí n tó mú bírò, màá ṣí ike gaàrí, ike ẹ̀wà àti àpò ìrẹsì, màá gbé kẹ́ẹ̀gì epo wò bóyá ó ṣì wúwo. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ló ń pinnu ohun tí a ó jẹ. Ẹni tó bá dé ọjà kó tó rò ó, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni yóò rà, owó á sì tán kó tó kan ẹja.

Oúnjẹ alẹ́ nìkan ni mo ń kọ sílẹ̀. Tàárọ̀ ò ṣòro: ògì àti àkàrà, iṣu àti ẹyin, tàbí búrẹ́dì.

Ohun gbígbẹ, ẹ má rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjà Dáléko ní Èkó níbí ni mo ti ń ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti gaàrí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Ẹ dúró ti ọlọ́jà kó wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ sì bèèrè ènì: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i fún mi." Ata gbígbẹ díẹ̀ nínú ike ẹ̀wà tó dé dáadáa máa ń lé kòkòrò.

Ẹ̀wà ni òpó ilé wa. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ń pín kọ́ńgò kan sí. Ìdá kan di ẹ̀wà rírò àti dòdò lálẹ́ Mọ́ńdè. Mo máa ń rẹ ìdá kejì, mo bó èèpo rẹ̀, mo lọ̀ ọ́ fún mọ́ínmọ́ín Ọjọ́rú. Nínú ìdá kẹta, díẹ̀ ni mo fi ń se gbẹ̀gìrì tí a ó fi jẹ àmàlà àti ewédú lọ́jọ́ Ẹtì, ìyókù di àkàrà àárọ̀ Sátidé. Ẹran ti wọ́n jù fún wa láti máa jẹ lójoojúmọ́, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi kankan jẹ ẹ̀bà lásán sùn. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ṣáwá ló ń gbà wá.

Ata ló gba ọgbọ́n jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tòmátì ń ya wọ ọjà Mile 12 láti Kánò àti Kàdúná, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Èmi àti àwọn aládùúgbò á dá owó ra apẹ̀rẹ̀ kan, a ó pín in. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń wọ́n gan-an. Nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí tàtàṣé àti àlùbọ́sà pọ̀ nínú ata lílọ̀ ju tòmátì lọ. Bó bá sì jẹ́ pé díẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Ọjà Ojúwoyè tó wà nítòsí wa ní Mùṣín ti tó.

Ẹ ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, ẹ gbé e kaná láìfi òróró sí i, títí omi á fi gbẹ. Omi yẹn ló ń jẹ́ kó tètè kan. Ìgbà náà ni kí ẹ dín in, kí òróró jáde sójú. Ẹ pín in: ti ọbẹ̀ ìrẹsì, ti ẹ̀fọ́ rírò, ti àsáró. Bí iná mànàmáná yín ò bá dájú, ẹ má dín ju èyí tí ẹ máa jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kó hó dáadáa, ẹ má sì ti ṣíbí tó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́.

Ẹ̀fọ́ àti ewédú, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sè é ni kí ẹ rà á.

Mi ò kọ nǹkan kan sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù la ń jẹ: ìrẹsì elépo pẹ̀lú irú, ẹdẹ àti àjẹkù ẹja díndín, èyí tí àwọn ọmọ sì fẹ́ràn jù nìyẹn. Bí owó ọjà bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, ẹ fi ra ẹdẹ tàbí pọ̀nmọ́ gbígbẹ sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.