Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe lásìkò Kòrónà

Mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́wàá kí n tó dé yunifásítì. Oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n ti àwọn ilé ìwé pa nítorí Kòrónà, oṣù yẹn náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì di ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá kí wọ́n tó dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró. Nígbà tí mo fi máa gbé báàgì Ghana-must-go méjì wọ Tanke, ní Ìlọrin, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tuntun tàkúrọ̀sọ mọ́. Àìsàn náà kò mú mi o. Àdáwà ló mú mi, èmi gan-an ni mo sì ń fún un lóúnjẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ ba tèmi jẹ́ ni pé mo gba “ẹ jìnnà síra yín” sí òdì. Ó kéré tán mítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó wà láàárín ẹni méjì. Nínú oṣù Kẹta 2020 yẹn náà ni wọ́n sì ti ń ṣàlàyé pé ara ni àwọn ní kó jìnnà, àwọn ò ní ká má bára wa ṣe. Ẹni tó dúró ní mítà kan sí ọ ṣì lè bá ọ ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ilẹ̀kùn ni mo tì.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ọgbà tí mo ń gbé, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò lẹ́yìnkùlé. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń to kórobá, tí wọn á máa sọ̀rọ̀ iná NEPA, iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn, àti ẹni tó ń jí ọṣẹ ọlọ́ṣẹ. Ìta gbangba ni, atẹ́gùn ń fẹ́, àrùn náà kì í sì í ráyè ran èèyàn níta bíi ti inú yàrá tó há. Kò síbi tó tún dára jùyẹn lọ fún mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń lọ pọn tèmi, kí n má baà pàdé ẹnikẹ́ni.

Má sì jẹ́ kí WhatsApp tàn ọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń wọlé lójúmọ́ nínú gúrúùpù kíláàsì wa lé ní igba, mo sì ń ka gbogbo rẹ̀, àmọ́ bí mo bá sọnù, ta ni ì bá mọ̀? Orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń gbẹ̀kọ́ náà, gbogbo wa ló ń pa kámẹ́rà kí dátà má baà tán. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ a ò rójú ara wa. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀, yọ ọ́ sọ́tọ̀, pè é.

Àṣìṣe tí àwa ọmọ Kwara sábà máa ń ṣe ni sísá lọ sílé. Láti Ìlọrin dé Àjàsẹ́-Ìpo kò jìnnà, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń wọkọ̀. Ọjọ́ Sátidé sì ni àwọn yòókù ń fọṣọ pọ̀, tí wọ́n ń dáwó se ìrẹsì. Ọmọ Sókótó tí kò rílé lọ ti lọ́rẹ̀ẹ́ kí oṣù kan tó pé.

Àwọn kan á ní kí o wọ ẹgbẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má wọ mẹ́rin pọ̀. Mo wọ mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan, mi ò padà sí ìkankan. MSSN tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ni o, NIFES tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì ni o, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín ni o, mú ọ̀kan, kí o máa lọ títí wọn á fi mọ orúkọ rẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni irọ́ tí mo ń pa fún màmá mi lórí fóònù.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Mà.” Gààrí tí mo rẹ ti wú nínú abọ́, n kò fọwọ́ kàn án.

“Ṣé o ti lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀?”

“Wọ́n pọ̀, Mà.”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo wá bú sẹ́kún sí màmá mi létí, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí àǹtí mi kan ní Gáà Àkàńbí fi pè mí. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń jẹ àmàlà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń gbé Ìlọrin.

Bí ọkàn rẹ bá wúwo tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun tàbí oúnjẹ sá fún ọ, lọ sí ilé ìwòsàn ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì àwọn agbaninímọ̀ràn. Bí o bá ń ronú ikú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o sọ fún ẹnì kan.

Èmi rò pé gbogbo àwọn yòókù ti mọra wọn kí n tó dé. Ní oṣù Kẹrin ni mo tó gbé kórobá mi jáde láago méje, tèmi ti ìbòmú. Ọmọbìnrin Ọ̀fà kan tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo máa ń pọn omi lóru ni? A ti ń rò pé iwin ni.”

Ó ní òun ti fẹ́ kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn rò pé mò ń gbéraga ni.