Prolactin Ga Nínú Èsì Àyẹ̀wò: Bí Ẹ Ó Ṣe Wádìí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Lo Oògùn

Obìnrin tó ń wá ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò họ́mọ̀nù, èsì dé, wọ́n ní prolactin ga. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹlòmíràn á ti ra bromocriptine, oògùn tó ń mú prolactin wálẹ̀, ní kẹ́míìsì. Ẹlòmíràn á ti gbọ́ pé kókó ti hù sínú orí òun, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Ìkánjú ni méjèèjì. Ohun tó ń gbé prolactin ga pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kan kókó rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn láti yẹ̀ wò, ká tó dé orí èyí tó ń náni lówó.

Prolactin ni họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ kí ọmú ní omi. Inú pituitary ló ti ń wá, ẹ̀yà ara tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, nísàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn ihò imú. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dopamine ni ọpọlọ fi ń kó o níjàánu. Ohunkóhun tó bá dí dopamine lọ́wọ́, prolactin á gòkè. Tó bá ga fún ìgbà pípẹ́, nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró, omi lè máa jáde lọ́mú ẹni tí kò tọ́mọ, ìbálòpọ̀ sì lè má wu ọkùnrin mọ́.

Ẹ ka ìwé èsì náà dáadáa

Ilé àyẹ̀wò kan á kọ ọ́ ní ng/mL, òmíràn á kọ ọ́ ní mIU/L. Tí ẹ bá fi 21 sọ iye ng/mL di púpọ̀, ẹ ó rí mIU/L: 25 ng/mL jẹ́ nǹkan bíi 530 mIU/L. Ẹni tó gba 22 níbì kan, tó wá gba 460 níbòmíràn, lè máa sunkún lórí nǹkan tí kò yí padà. Òdiwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tiyín ni kí ẹ wò. Fún obìnrin tí kò lóyún, ó sábà máa ń parí sí bíi 25 ng/mL. Ti ọkùnrin rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ tún un ṣe bó ṣe yẹ

Bí iye náà bá ga díẹ̀, pàápàá tí kò bá tó 100 ng/mL, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ nìkan lè gbé e sókè. Oorun, ìbálòpọ̀, fífọwọ́ kan orí ọmú àti eré ìdárayá tó le náà lè gbé e. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́ta tí ẹ ti jí kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, ẹ yẹra fún ìbálòpọ̀ lóru ọjọ́ náà, kí ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ilé àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá gún yín léraléra kí wọ́n tó rí iṣan, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún lọ́jọ́ kan náà, nítorí oyún lè gbé prolactin kọjá 200 ng/mL láìsí àìsàn kankan. Fífún ọmọ lọ́mú náà ń gbé e. Vitamin irun àti èékánná tí biotin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń da ẹ̀rọ àyẹ̀wò họ́mọ̀nù rú, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó lọ. Tí prolactin bá ṣì ga àmọ́ tí nǹkan oṣù ń wá déédéé, ẹ ní kí wọ́n wo macroprolactin. Ìyẹn ni prolactin tó so mọ́ antibody, èròjà tí ara fi ń gbógun ti àrùn, nínú ẹ̀jẹ̀: ẹ̀rọ á kà á, ṣùgbọ́n agbára káká ló fi ń ṣiṣẹ́ nínú ara, kì í sì í gba ìtọ́jú.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín síta

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń yanjú, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n máa ń fò kọjá. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà: Plasil àti domperidone tí wọ́n ń lò fún èébì, Aldomet àti verapamil fún ẹ̀jẹ̀ ríru, haloperidol, chlorpromazine àti risperidone fún àìsàn ọpọlọ, tramadol fún ìrora, cimetidine fún ọgbẹ́ inú, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen. Risperidone nìkan lè gbé prolactin dé 200 ng/mL. Dókítà lè ní kí ẹ dá oògùn kan dúró fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Ẹ má dá oògùn àìsàn ọpọlọ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Ewu ìyẹn pọ̀ ju ti prolactin lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe TSH àti free T4, àyẹ̀wò thyroid tó wà lọ́rùn, àti creatinine, àyẹ̀wò kíndìnrín. Bí thyroid kò bá ṣiṣẹ́ tó, tàbí tí kíndìnrín ń kọṣẹ́, prolactin á ga. Tí thyroxine, oògùn tó ń dípò họ́mọ̀nù thyroid, bá tún thyroid ṣe, prolactin sábà máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó sáré ya àwòrán orí ti náwó lásán nìyẹn.

Ìgbà tó kan àwòrán

Tí gbogbo èyí kò bá fi ìdí rẹ̀ hàn, tàbí tí prolactin kọjá 250 ng/mL, ó yẹ kí ẹ rí dókítà họ́mọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní endocrinologist. Wọ́n wà ní àwọn ilé ìwòsàn bíi UCH Ìbàdàn, LUTH Èkó àti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. MRI, àwòrán tí ẹ̀rọ ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì yà, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ pituitary, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gadolinium tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn kedere, ni kí ẹ béèrè. CT orí lásán kì í sábà rí kókó kékeré. Kókó tí kò tó mílímítà 10 là ń pè ní kékeré. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ní irú rẹ̀ láìmọ̀, kò sì yọ wọ́n lẹ́nu títí ayé wọn. Kókó pituitary kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Tó bá tó mílímítà 10 sókè, ẹ ṣe àyẹ̀wò bí ojú ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí iṣan ojú gba òkè pituitary kọjá. Tí kókó bá tóbi tí prolactin kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga, ẹ ní kí ilé àyẹ̀wò bomi la ẹ̀jẹ̀ náà kí wọ́n tún un kà. Prolactin tó pọ̀ lápọ̀jù lè mú kí ẹ̀rọ kà á sí kékeré.

Ẹ wo àwọn họ́mọ̀nù tó kù pẹ̀lú, pàápàá cortisol, èyí tí ara fi ń fara da àìsàn àti wàhálà, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀. Tó bá rẹlẹ̀ sí 3 µg/dL, cortisol ti ṣaláìtó. Ẹ jẹ́wọ́ ìpara abóra tó ní clobetasol, prednisolone, dexamethasone, àti àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí steroid ń pa cortisol tiyín mọ́lẹ̀. Tí cortisol àti thyroid bá jọ rẹlẹ̀, hydrocortisone, oògùn tó ń dípò cortisol, ló ń ṣáájú thyroxine. Ẹni tó kọ́kọ́ gba thyroxine lè dá kú, torí ó ń mú kí ara tètè jẹ ìwọ̀nba cortisol tó ṣẹ́ kù tán.

Oògùn

Cabergoline ni àwọn dókítà máa ń yàn ṣáájú, 0.25 tàbí 0.5 mg, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bromocriptine ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.25 mg, ìyẹn ìdajì hóró 2.5 mg, lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Èébì àti òòyì ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn já a sílẹ̀, nítorí náà ẹ má lò ó láìjẹun, ẹ sì má fò dìde lójijì lórí ibùsùn. Ẹ tún prolactin ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Kókó náà sábà máa ń sún kì láìsí iṣẹ́ abẹ. Oyún lè dé kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó padà wá. Tó bá dé, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé mọ̀ pé oògùn méjèèjì yìí lè mú kí tẹ́tẹ́ títa, ìnáwó tàbí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ gba èèyàn lọ́kàn. Ó máa ń tó ọdún méjì kí dókítà tó ronú àtidá a dúró.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀la

Orí tó fọ́ lójijì bí kò ṣe fọ́ rí, pẹ̀lú èébì, ojú tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ tàbí dídákú: ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti ya sínú kókó náà. Ẹ mú èsì MRI àti orúkọ oògùn yín dání, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé àìsàn pituitary ni, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ cortisol, kí wọ́n sì fún yín ní abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 mg láìdúró de èsì.