Bí Mo Ṣe Ka Sẹ́ẹ̀lì Nínú Próstéètì Tó Ti Gba Ìtọ́jú Họ́mọ̀nù

Iṣẹ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní láàbù nìyí: àwọn ọkùnrin kan tó ní jẹjẹrẹ próstéètì (ẹṣẹ́ ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) ti gba abẹ́rẹ́ tó ń dín testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, kù kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Wọ́n ní kí n wò ó bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ti pọ̀ sí i nínú ẹran tí wọ́n gé jáde.

Ọ̀rọ̀ testosterone àti àrùn yìí ti pẹ́. Láti 1941 ni Charles Huggins àti Clarence Hodges ti fi hàn ní Chicago pé bí testosterone bá lọ sílẹ̀, jẹjẹrẹ náà á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2001, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó sọ pé T cell, irú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbèjà ara, máa ń rọ́ wọ próstéètì lẹ́yìn ìtọ́jú náà. CD4 àti CD8 jẹ́ ẹ̀yà T cell; CD4 sì pọ̀ nínú wọn ju CD8 lọ. CD8 ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́, òun ni mo sì ń wá.

Formalin ti mú ẹran náà le, inú paraffin ló sì wà. Mo fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, máíkírọ́ọ̀nù 4, mo jẹ́ kó léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè tẹ́ dáadáa, mo fi gíláàsì gbà á. Xylene yọ paraffin, ethanol tẹ̀ lé e, omi ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo sè é nínú omi citrate fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fo èyí o! Formalin ti so àwọn purotéènì pọ̀. Bí a kò bá sè é, antibody, ìyẹn purotéènì tí a fi ń wá CD8 rí, lè má rí ibi dì mú. Mo fi antibody sí i, DAB sọ ibi tó bá dì mú di búráùn, haematoxylin sì kun ìyókù ní búlúù.

Mo máa ń fi ẹran tonsil, èyí tó wà nínú ọ̀fun, sí i láti fi dán an wò, torí CD8 kún inú rẹ̀; bí tonsil kò bá di búráùn, mi ò ní wulẹ̀ wo ìyókù. Gíláàsì kan tún wà tí mi ò fi antibody sí. Próstéètì lè ní lipofuscin, ohun aláwọ̀ kan inú sẹ́ẹ̀lì, àwọ̀ tirẹ̀ náà jọ búráùn, ojú tó bá ń kánjú á kà á mọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Lábẹ́ máíkíròsíkóòpù, ẹran tó ti gba ìtọ́jú kì í fara pamọ́. Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ti sún kì, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dà bí ẹni pé inú wọn ṣófo, núkílíọ́ọ̀sì wọn kéré, ó sì dúdú. Ìdí nìyí tí ọ̀gá wa tó ń ka ẹran kì í fi fún irú rẹ̀ ní máàkì Gleason, èyí tó ń sọ bí jẹjẹrẹ próstéètì ṣe le tó. Ẹṣẹ́ kan wà tí CD8 tò yí ká bámúbámú, ṣùgbọ́n ẹyọ méjì péré ló wọ àárín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ọlọ́dẹ kún géètì, olè ń bẹ ní yàrá. Mo wo gíláàsì FOXP3 tó tẹ̀ lé e, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń dá CD8 lọ́wọ́ kọ́. Àwọn náà ti dé síbẹ̀.

QuPath, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní Belfast, ni mo fi kà wọ́n. Iye sẹ́ẹ̀lì nínú mìlímítà kan níbùú lóròó ni àwọn èèyàn sábà máa ń kọ sílẹ̀, èmi ò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú yìí máa ń mú próstéètì kéré sí i: bí CD8 kan ṣoṣo kò bá tilẹ̀ wọlé, ẹran tó sún kì á mú kí wọ́n dà bí ẹni tó pọ̀ sí i. Nítorí náà mo ka àárín jẹjẹrẹ lọ́tọ̀, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì fi CD8 wé FOXP3 ní ojú kan náà, torí sísúnkì ẹran kò lè yí ìpín méjèèjì padà. Ẹran àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ láìgba họ́mọ̀nù ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹran díẹ̀ tí dókítà fi abẹ́rẹ́ fà yọ fún àyẹ̀wò ṣáájú ìtọ́jú kéré jù láti dá gbẹ́kẹ̀ lé.

Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ lára àwọn ẹran tó gba ìtọ́jú, CD8 àti FOXP3 jọ gòkè ni.