ZFS pool tí ò hàn mọ́ lẹ́yìn upgrade: ohun tó bá mi yanjú rẹ̀

Inú server Debian (irú Linux kan) kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, la ń kó fọ́tò ìgbéyàwó àwọn oníbàárà sí. Mo ṣe upgrade lánàá. Bó ṣe tan padà, pool (àwọn dísìkì tí ètò ìpamọ́ ZFS so pọ̀ bí ibi ìpamọ́ kan) ò sí mọ́. `zpool status` ní: "The ZFS modules cannot be auto-loaded" (module ZFS ò lè gbéra). Àyà mi já! Mo pa á, mo tún un tàn, mo pààrọ̀ wáyà, pàbó. Ẹnìkan ní kí n ṣe `zpool create`, èyí tó ń dá pool tuntun sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, ewu ńlá ni fún ohun tó wà nílẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé kernel (ọkàn ètò Linux) tuntun ti dé, àmọ́ headers rẹ̀ (àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń kọ module fún un) ò sí lórí ẹ̀rọ wa, DKMS (irinṣẹ́ tó ń kọ module fún kernel) ò sì rí module ZFS, ìyẹn apá tó ń jẹ́ kí kernel lè lo ZFS, kọ fún un. Mo wọlé bíi root:

`apt install linux-headers-$(uname -r)`
`dkms autoinstall`
`modprobe zfs`
`zpool import foto`

(foto lorúkọ pool tèmi.) ONLINE! Fọ́tò kan ò sọnù. Tó bá jẹ́ pé dísìkì ló bàjẹ́, èyí ò ní tó.